Ara Wíwọ́ àti Òrí ní Ilẹ̀ Òkè-Ògùn

Láti 1948 ni òfin ìdásílẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń sọ pé ìlera ju àìsí àrùn lọ: ara àti ọkàn ni kí ó dá ṣáṣá. Àwọn baba wa ní Òkè-Ògùn kò ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ahunṣọ Ìsẹ́yìn a jókòó sídìí òfì láti òwúrọ̀; àgbẹ̀ Ṣakí a bẹ̀rẹ̀ kọ ebè. Àgbà tó ń wọ́ra a kọ́kọ́ bèèrè bí wọ́n ṣe sùn àti ohun tó ń jẹ wọ́n lọ́kàn, kí ó tó bu òrí sí àtẹ́lẹwọ́. Bí ìdààmú náà bá ju ohun tí ọwọ́ lè tú lọ, a rán wọn sí babaláwo, kí wọ́n bọ orí.

Òrí kì í ṣe ìpara lásán. Ẹ̀rọ̀ ni, ohun funfun tútù ti Ọbàtálá. Ní 1796, Mungo Park ará Scotland rí i bí wọ́n ṣe ń ṣa èso rẹ̀ nílẹ̀ Bambara, lẹ́bàá odò Ọya. Àwọn onímọ̀ ewéko sì so orúkọ rẹ̀ mọ́ igi náà. Àwọn ìyá inú ọ̀dàn ti ń fi ọwọ́ pò ó kí ó tó dé.

Lónìí, igi òrí ń di èédú ní Òkè-Ògùn. Igi tó ń lo nǹkan bí ọdún 15 sí 20 kó tó so, ọjọ́ kan ni wọ́n ń gé e. Bí ó bá tán, kí ni a ó fi wọ́ra, kí ni a ó fi tu òrìṣà lójú? Ẹ jẹ́ kí a dá a sí nínú oko wa. Orí wa kò ní gbóná o. Àṣẹ.