Iṣẹ́ Abẹ fún Iṣan Èjìká Tó Ya Gbòòrò

Iṣan mẹ́rin ló yí orí eegun apá ká ní èjìká, tí àwọn dókítà ń pè lápapọ̀ ní rotator cuff. Ẹran ara tó ń fa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà lára eegun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn èjìká: supraspinatus lókè, infraspinatus àti teres minor lẹ́yìn, subscapularis níwájú. Àwọn ló ń di orí eegun apá mú sójú ihò rẹ̀, tí kò jìn rárá, nígbà tí ènìyàn bá ń gbé ọwọ́ sókè. Bí wọ́n bá ya, ẹni náà kì í sábà lè fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn lóru. Ìyá tó fẹ́ wé gèlè á rí i pé ọwọ́ òun ò dé ìpàkọ́ mọ́.

Robert Cofield, oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà, fi ìwọ̀n sí i: yíya tó wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 ni wọ́n ń pè ní ńlá, èyí tó ju 5 lọ sì ti kọjá ńlá. Christian Gerber ní Zurich kò tẹ̀lé rúlà. Lójú tirẹ̀, kí iṣan méjì já pátápátá ti tó. Ìwọ̀n méjèèjì wúlò, àmọ́ wọn ò tó láti fi yan iṣẹ́ abẹ. Ẹran ara tó wà lẹ́yìn iṣan ni kí a bi léèrè. Ẹran tí iṣan rẹ̀ ti já tipẹ́ a máa joro, ọ̀rá á sì gba àyè rẹ̀. Ní 1994, Daniel Goutallier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé fi àwòrán CT pín ìbàjẹ́ yìí sí ìpele, láti 0 dé 4. Ní ìpele 3, ọ̀rá àti ẹran ti dọ́gba. Ní ìpele 4, ọ̀rá ti borí. Ọ̀rá yìí kì í sábà kúrò mọ́, kódà bí wọ́n bá rán iṣan padà. Okùn tuntun tí a so mọ́ ewúrẹ́ tó ti kú lọ́rùn kò lè mú un rìn.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí iṣan rẹ̀ ya ló nílò abẹ. Àgbàlagbà tí tirẹ̀ ya díẹ̀díẹ̀ lè fi físíò oṣù mélòó kan rí ìtura tó pọ̀. Ẹni tó ṣubú lórí ọ̀kadà lánàá tí apá rẹ̀ kò gbé mọ́ kò yẹ kó fi falẹ̀, torí ẹran rẹ̀ ṣì yè.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àtúnrán yẹ jù. Ernest Codman ní Boston ṣe é ní 1909, ó sì kọ ìròyìn rẹ̀ ní 1911. Nígbà yẹn, èjìká ni wọ́n ń là. Lónìí, ihò kéékèèké díẹ̀ ti tó: kámẹ́rà á gba ọ̀kan wọlé, irinṣẹ́ á gba ìyókù. Oníṣẹ́ abẹ á tú iṣan tó ti súnkì kúrò lára àpá tó dì í mú, á rọra fà á padà sórí eegun, á kan èèkàn kéékèèké mọ́ inú eegun, á sì fi okùn ara èèkàn náà so iṣan mọ́lẹ̀, nígbà mìíràn ní ìlà méjì. Dókítà tó bá ń fi kámẹ́rà ṣakọ, kó rántí UKUFF, ìwádìí ilẹ̀ Bírítéènì tó fi hàn pé lẹ́yìn ọdún méjì, ẹni tí wọ́n là àti ẹni tí wọ́n fi kámẹ́rà ṣe fún kò yàtọ̀ síra. Lẹ́yìn abẹ, apá á wà nínú aṣọ ìfikọ́rùn fún bí ọ̀sẹ̀ 6, gbígbé ẹrù ò sì yá kí oṣù 3 tó pé. Sìgá àti ìtọ̀ ṣúgà a máa fa ìwòsàn sẹ́yìn.

Ìṣòro àtúnrán ni pé ó máa ń ya padà. Ní 2004, Leesa Galatz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní St. Louis tún wo èjìká 18 tí yíya tiwọn tóbi, tí wọ́n sì fi kámẹ́rà rán. Mẹ́tàdínlógún ló ti tún ya. Síbẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, ìrora ti dín kù gan-an fún ọ̀pọ̀ wọn, apá wọn sì ń gbé. Ohun tí àwòrán ń wí àti ohun tí aláìsàn ń wí kì í fi gbogbo ìgbà bára mu.

Bí iṣan kò bá fà dé orí eegun mọ́, Stephen Burkhart dá a lábàá pé kí wọ́n rán èyí tó ṣeé rán níwájú àti lẹ́yìn, kí agbára ìhà méjèèjì lè bára dọ́gba, kí wọ́n fi àlàfo òkè sílẹ̀. Àwọn mìíràn kàn ń gé ìdọ̀tí kúrò, wọ́n á sì gé iṣan biceps tó ń dunni; ìrora lè dín kù, àmọ́ agbára kì í sábà padà. Bàlúù kan tún jáde tí wọ́n ń fi omi kún lábẹ́ òrùlé èjìká kó lè ti orí eegun sísàlẹ̀. Wọ́n pariwo rẹ̀ gan-an. Nígbà tí ilé ìwòsàn 24 ní Bírítéènì dán an wò lára ènìyàn 117, àwọn tí wọ́n kàn gé ìdọ̀tí fún sàn ju àwọn tó gba bàlúù lọ, èsì náà sì jáde nínú The Lancet ní 2022.

Fún ọ̀dọ́ tí ẹran rẹ̀ ti di ọ̀rá, ọ̀nà mìíràn ni kí a yá ẹran tó yè. Gerber ló gbé latissimus dorsi, ẹran ńlá ẹ̀yìn, wá sí orí eegun apá ní 1988. Ìsàlẹ̀ trapezius, ẹran ọrùn àti ẹ̀yìn òkè, ni àwọn mìíràn ń lò báyìí. Latissimus dorsi tí ń fa apá sísàlẹ̀ látọjọ́ ni wọ́n ní kó máa yí i síta, nítorí náà kíkọ́ rẹ̀ gba oṣù púpọ̀. Ní Japan, Teruhisa Mihata mú awọ líle tó bo ẹran itan, ó rán an sí òkè èjìká kí orí eegun má bàa gòkè. Ó gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2013.

Ọ̀nà tó kù kò bìkítà fún iṣan náà mọ́. Paul Grammont ní Dijon, ilẹ̀ Faransé, ló dá èjìká àtọwọ́dá tí a yí padà sílẹ̀ ní 1985: ibi tí ihò wà ni wọ́n gbé bọ́ọ̀lù sí, ibi tí bọ́ọ̀lù wà ni wọ́n gbé ihò sí. Bẹ́ẹ̀ ni ibi tí apá ti ń yí ṣe sún wọlé, tó sì wá sísàlẹ̀, tí deltoid, ẹran tó bo èjìká, fi lè dá gbé apá sókè láìsí rotator cuff. Àgbàlagbà tí kò lè gbé ọwọ́ dé àyà tẹ́lẹ̀ lè tún fi dé orí. Àwọn ọmọ ọdún 65 sókè ni wọ́n sábà ń ṣe é fún, torí ó lè yẹ̀, kòkòrò lè wọ̀ ọ́, eegun òrùlé èjìká lè ṣẹ́, bó bá sì bàjẹ́, àtúnṣe rẹ̀ le. Deltoid náà kò lè ṣe gbogbo rẹ̀: á gbé apá, kò lè yí i síta. Bí teres minor bá ti kú, àwọn oníṣẹ́ abẹ kan máa ń gbé latissimus dorsi wá sẹ́yìn èjìká ní ọjọ́ kan náà tí wọ́n ń fi èjìká àtọwọ́dá síbẹ̀.