Bí ẹ̀rọ BVAS àti sáfà INEC ṣe ń mú àkọsílẹ̀ wọn bára mu

Nígbà tí wọ́n dìbò gómìnà ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì lọ́jọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹfà, ọdún 2022, ẹ̀rọ BVAS ni INEC fi ṣàyẹ̀wò àwọn olùdìbò ní Ìjerò, Arámọkọ, Ẹ̀fọ̀n Aláayè àti gbogbo ìpínlẹ̀ náà. Ẹni tó bá rò pé Àbújá ni ẹ̀rọ náà ń béèrè orúkọ lọ nígbàkúùgbà tí ènìyàn bá gbé ìka lé e, kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ọjọ́ ìbò tó pé ni wọ́n ti da ẹ̀dà orúkọ àwọn olùdìbò ibùdó kan ṣoṣo sínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí kò fi nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti ṣàyẹ̀wò, àǹfààní tí kò kéré fún àwọn ìlú tó wà láàárín òkè.

Àmọ́ ìwé ti di méjì nìyẹn. Ó dà bíi káàdì oníbàárà àti ìwé ńlá alájọ: bí alájọ bá fàlà sí káàdì lọ́jà, tí kò tí ì délé kọ ọ́ sínú ìwé ńlá, àwọn méjèèjì kò lè sọ ohun kan náà. BVAS ní láti rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kó tó lè fi iye tó kà ránṣẹ́ sí sáfà.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tó bá Ẹ̀fọ̀n pààlà, ni ọ̀rọ̀ yìí ti di ẹjọ́. Nínú ìbò ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù keje, ọdún 2022, Ademola Adeleke ní ìbò 403,371, Gboyega Oyetola ní 375,027. Oyetola gba ìwé ẹ̀rí láti inú sáfà INEC ní ìparí oṣù náà, ó sì ní ìbò tí wọ́n kà ní ibùdó 744 pọ̀ ju iye ènìyàn tí BVAS ṣàyẹ̀wò fún. Èsì tí wọ́n fọ̀ fún un ni pé gbogbo ẹ̀rọ kò tí ì fi àkọsílẹ̀ wọn ránṣẹ́ tán nígbà tí wọ́n tẹ ìwé náà. Ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ ìbò dá Oyetola láre ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2023. Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí i padà ní oṣù kẹta, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fọwọ́ sí i lọ́jọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún: ẹ̀rọ BVAS fúnra wọn ló yẹ kí wọ́n gbé wá sí kóòtù. Lédè mìíràn, níbi tí ẹ̀dà kò bá ti bára mu, ibi tí àkọsílẹ̀ ti ṣẹ̀ ni kí a padà sí.

Láàárín sáfà sí sáfà, bíi ti àwọn ilé ìfowópamọ́, kì í ṣe odidi ìwé ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Àtúnṣe tuntun nìkan ni, pẹ̀lú nọ́ńbà tó fi bí wọ́n ṣe tẹ̀léra hàn. Sáfà àgbà lè dúró kí ẹ̀dà jẹ́ ẹ pé òun ti gbà á kó tó sọ pé iṣẹ́ parí. Èyí dájú, ṣùgbọ́n ó lọ́ra. Ó sì lè parí iṣẹ́ tirẹ̀, kí ẹ̀dà máa tẹ̀lé e bọ̀. Eléyìí yá, àmọ́ bí sáfà àgbà bá kú lójijì, ohun tí kò tí ì débẹ̀ lè sọnù.

Ọ̀nà kejì yìí ni ti BVAS jọ. Lẹ́yìn ìbò ààrẹ ọdún 2023, INEC ní láti kó àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ lé orí sáfà kí wọ́n tó tún wọn ṣètò. Ìyẹn ló sún ìbò ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta, sí ọjọ́ kejìdínlógún, títí kan ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkìtì.