Ìrántí Méjì tí ó Gbé Ènìyàn Dé Òṣùpá

Ìtàn bí ẹ̀rọ ṣe ń rántí nǹkan ni mo mú wá lónìí. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọdún 1969 ni ènìyàn kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ òṣùpá. Àwọn tí ó mọ̀ pé àìsí àyè nínú ìrántí kọ̀ǹpútà kékeré kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dá àwọn arìnrìn-àjò náà padà lójú ọ̀nà kò pọ̀.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé oríṣi ìrántí méjì ni kọ̀ǹpútà ń lò. Ọ̀kan dà bí síléètì tí ọmọ ilé-ìwé fi ń ṣe ìṣirò: ó ń kọ, ó ń pa á rẹ́, ó tún ń kọ òmíràn. Èkejì dà bí ìwé tí a ti tẹ̀: ohun tí ó wà níbẹ̀ ti wà níbẹ̀, kíkà nìkan ni ó kù. Kọ̀ǹpútà tí a bá kì sínú ẹ̀rọ mìíràn kí ó lè máa darí rẹ̀ kì í sábà ní àyè púpọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ṣe é gbọ́dọ̀ ti pinnu tẹ́lẹ̀ ohun tí yóò lọ sórí síléètì àti ohun tí yóò wà nínú ìwé.

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ní MIT, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fún ọkọ̀ Apollo ní ọdún 1961. Nígbà tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ayé ṣì ń gba odindi yàrá, èyí kò wúwo ju nǹkan bí kílò 32 lọ. Síléètì rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ 2,048 péré, ìwé rẹ̀ sì gba 36,864. Ọ̀rọ̀ tí mo ń wí yìí kì í ṣe èyí tí a ń fi ẹnu sọ. Àmì òdo àti oókan 16 tí a dì pọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Báwo ni ìwé náà ṣe rí? A kò fi tàdáwà kọ ọ́. Híhun ni a hun ún! Àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Raytheon ní ìlú Waltham ni wọ́n fi ọwọ́ fa wáyà tín-ín-rín láàrin àwọn òrùka kéékèèké. Bí wáyà bá gba inú òrùka kọjá, oókan ni. Bí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, òdo ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí iná tilẹ̀ lọ, ohun tí a hun kò lè parẹ́. Ìṣòro rẹ̀ ni pé bí a bá rí àṣìṣe lẹ́yìn tí a ti hun ún tán, kò sí rọ́bà tí a lè fi pa á rẹ́. Margaret Hamilton, tí ó jẹ́ olórí àwọn tí ó kọ àṣẹ fún ẹ̀rọ náà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní láti yẹ iṣẹ́ wọn wò fínnífínní kí ó tó dé ọwọ́ àwọn ahunwáyà.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 1969, Neil Armstrong àti Buzz Aldrin ń sọ̀kalẹ̀ lọ sórí òṣùpá. Lójijì ni ẹ̀rọ náà ké, nọ́ńbà 1202 sì yọ lójú rẹ̀. Wọ́n bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó wà ní Houston. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé síléètì ti kún. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gba àyè tirẹ̀ lórí síléètì. Bí ó bá parí, a ó fi àyè náà fún òmíràn. Ṣùgbọ́n rédà kan tí wọn kò nílò nígbà náà ń rọ́ àmì lu ẹ̀rọ náà, ó sì ń jẹ ẹ́ ní àkókò. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò tíì parí, iṣẹ́ tuntun ti dé, kò sì sí ibi tí a ó kọ ọ́ sí.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó kó wọn yọ. Àwọn tí ó kọ àṣẹ náà ti ro irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti wà nínú wáyà tí a hun pé bí síléètì bá kún, kí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀tun, kí ó mú iṣẹ́ tí ó ṣe kókó ṣíwájú, kí ó sì fi èyí tí ó lè dúró sílẹ̀. Ní Houston, Jack Garman, ọmọ ọdún 24, mọ ìtumọ̀ nọ́ńbà náà. Steve Bales, ọmọ ọdún 26, ni ó sì sọ pé kí wọ́n máa lọ. Wọ́n gúnlẹ̀ láyọ̀.

Ní oṣù Kejì ọdún 1971, ọ̀rọ̀ yí padà. Kí Apollo 14 tó sọ̀kalẹ̀, bọ́tìnnì tí a fi ń dá ìrìn-àjò dúró ń fi àmì èké ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà. Bí ẹ̀rọ bá gbà á gbọ́ lẹ́nu ìsọ̀kalẹ̀, yóò gbé wọn padà sókè. Ohun tí a hun kò ṣeé tú mọ́. Don Eyles, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní MIT, bá wá nọ́ńbà mélòó kan tí wọn yóò tẹ̀ sórí síléètì kí ẹ̀rọ má baà ka bọ́tìnnì náà sí. Alan Shepard àti Edgar Mitchell ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gúnlẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù náà.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ní 1969, ohun tí kò ṣeé parẹ́ ni ó gba síléètì là. Ní 1971, síléètì ni ó gba ohun tí a hun là.

Ní ọdún 2012, wọ́n gbé Raspberry Pi jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀ǹpútà orí pátákó kan ṣoṣo tí ó lè wọ inú àpò, kí àwọn ọmọdé lè fi kọ́ bí a ṣe ń kọ àṣẹ fún ẹ̀rọ. Síléètì rẹ̀ jẹ́ 256 MB, ìlọ́po tí ó ju 60,000 lọ ti Apollo. Kò ní ìwé tirẹ̀. Káàdì SD ni ẹni tí ó ni ín yóò rà kì bọ̀ ọ́. Síbẹ̀, bí iná bá lọ nígbà tí ó ń kọ nǹkan sórí káàdì náà lọ́wọ́, ohun tí ó wà níbẹ̀ lè bàjẹ́. Èyí kò jẹ́ ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin Waltham.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá rí kọ̀ǹpútà, ẹ má ṣe bèèrè bí ìrántí rẹ̀ ti tóbi tó nìkan. Ẹ bèèrè ohun tí ó ń pa rẹ́, ohun tí ó ń pa mọ́, àti ohun tí yóò ṣe lọ́jọ́ tí àyè bá tán.