Oògùn Ara Yíyún àti Oorun Tó Ń Bá a Rìn

Láyé tí chloroquine fi jẹ́ ọba oògùn ibà, díẹ̀ ni ilé tí wọn ò ti mọ ìyà yìí ní Ìkẹjà àti Agége. Èèyàn á lo Nivaquine, ìyẹn chloroquine, lówùúrọ̀, nígbà tó bá fi máa di alẹ́, àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn á máa yún un bíi pé èèrùn ló dà bò ó. Ìdí nìyí tí oníkẹ́mísì fi máa ń wé hóró Piriton mélòó kan, kéékèèké, aláwọ̀ ìyeyè, mọ́ oògùn ibà. Àwọn aláwọ̀ dúdú ni yíyún náà ń bá fínra jù, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lateef Salako ti Yunifásítì Ìbàdàn sì wà lára àwọn tó tọ pinpin rẹ̀.

Ọwọ́ kan náà ló ń ta àrùn àti ẹ̀rọ̀ rẹ̀. May & Baker, tó dé Nàìjíríà ní 1944, tó sì fi òpópónà Sapara ní Ìkẹjà ṣe ibùjókòó, ló ń ta Nivaquine nígbà náà. Òun náà ló ń ta Phenergan, oògùn ara yíyún mìíràn tó ń kunni lóorun ju Piriton lọ.

Kí ló fa oorun ọ̀hún? Histamine tó ń mú awọ ara yún náà ló ń jẹ́ kí ọpọlọ wà lójúfò. Daniel Bovet bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí oògùn tó ń dènà rẹ̀ ní Paris ní 1937, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1957. Àmọ́ àwọn oògùn àkọ́kọ́ wọ̀nyí, títí kan Piriton àti Phenergan, ń wọ inú ọpọlọ. Kódà, láti ara ẹbí Phenergan ni wọ́n ti rí chlorpromazine, tí wọ́n fi ń tọ́jú aláìsàn ọpọlọ.

Ibi tí ewu ti wọlé nìyẹn. Òṣìṣẹ́ tó ń lọ síbi iṣẹ́ alẹ́ á lo Piriton nítorí ara yíyún, á mu oògùn ikọ́ olómi, á tún dúró mu páragà ní gáréèjì. Kò mọ̀ pé chlorpheniramine tó wà nínú Piriton wà nínú púpọ̀ nínú oògùn ikọ́ pẹ̀lú, lẹ́tà wínníwínní ni wọ́n fi kọ ọ́ sára páálí. Oorun lé lórí oorun, ẹ̀rọ sì ń yí níwájú rẹ̀. Bí Valium, tramadol tàbí kodíìnì bá tún wọ̀ ọ́, èémí fúnra rẹ̀ lè máa falẹ̀ títí á fi dá.

Ní 2005, Nàìjíríà fi àwọn oògùn alápapọ̀ tó ní artemisinin rọ́pò chloroquine, yíyún sì rọlẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2018, Mínísítà Ìlera, Isaac Adewole, fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ oníkodíìnì àti kíkó o wọ̀lú. Piriton ò bá wọn lọ. Àwọn òbí kan ṣì ń fún ọmọ ní òun tàbí Phenergan kó lè sùn, ìwà tó léwu gidi, nítorí Phenergan kò tọ́ sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì rárá.

Nínú àwọn oògùn ara yíyún mìíràn, loratadine kì í sábà kunni lóorun, oorun cetirizine náà kò sì pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń kun àwọn kan lóorun. Ẹni tó bá ń lo oògùn wárápá, oògùn oorun tàbí oògùn ìrora líle gbọ́dọ̀ kó gbogbo wọn han apòògùn kó tó ra oògùn ara yíyún èyíkéyìí, kó sì má fi ọtí kún un. Chlorpheniramine a máa wà lára di ọjọ́ kejì, nítorí náà ẹni tó lò ó lálẹ́ lè ṣì máa tòògbé nídìí ọkọ̀ láàárọ̀.