Màlúù Aláìníké Ara Àpáta Birnin Kudu

Màlúù tí ará Kàdúná ń rí lójoojúmọ́, oníké ni. Àwọn tí a fi ọ̀dà pupa yà sára àpáta Birnin Kudu kò ní iké rárá. Ní nǹkan bí ọdún 1956 tí Bernard Fagg ń kọ̀wé nípa wọn, Kàdúná ni olú-ìlú Ẹkùn Àríwá; ìpínlẹ̀ Jigawa ni Birnin Kudu wà lónìí.

A lè rò pé ayàwòrán ló gbàgbé iké. Àwa kò fara mọ́ èyí. Ẹni tí ó fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ìwo gígùn àti ìwo kúkúrú kò jẹ́ gbàgbé ohun tó ga tó iké. Irú ẹran bẹ́ẹ̀ kò sì tíì run: mútúrù oníwo kúkúrú ṣì wà ní Nàìjíríà, àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń kó ran ẹran kì í sì í tètè pa á.

Ta ló wá ni wọ́n? Ní Kàdúná, níbi tí ọ̀rọ̀ onílẹ̀ àti àlejò ti ń dá ìjà sílẹ̀, ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ilé-ìwé nìkan. Àwọn kan a ní Fúlàní ni, nítorí pé màlúù ni. Àwọn mìíràn a ní kì í ṣe Fúlàní, nítorí pé oníké ni tiwọn. Ẹ̀rí méjèèjì kò dúró: ní Futa Jalon, ńdama aláìníké ni àwọn Fúlàní ń sìn.

Nítòsí àwòrán náà, àwọn òkúta kan wà tí ń dún bí agogo, tí ojú wọn ti dá kòtò nítorí lílù. Èrò wa ni pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí ìwádìí nípa àwọn tó yà á ti bẹ̀rẹ̀.