Ìyapa Ìyá àti Ọmọ: Ìtàn Èrò Kan lórí Ìṣòro Ìwà Ọmọdé, 1944 sí 2017

1.0 Ìfáàrà

Awuyewuye ti pẹ́ láàrin àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ibi tí ìṣòro ìwà àti ti ọkàn ọmọdé ti ń ṣẹ̀ wá. Àwọn kan ní àbímọ́ni ni. Àwọn mìíràn ní inú èrò tí ọmọ ń rò ló wà. John Bowlby, oníṣègùn ọpọlọ, ni ó tẹnu mọ́ ọn pé ohun tí ojú ọmọ rí gan-an ní kékeré ni kí á wò. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀nà tí Bowlby là dára, ṣùgbọ́n ẹrù tí ó gbé lé ìyá nìkan lórí pọ̀ jù.

2.0 Ẹ̀rí Bowlby

Ní ọdún 1944, Bowlby tẹ ìwádìí jáde lórí ọmọ 44 tí ń jalè, tí a mú wá gba ìtọ́jú ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó fi wọ́n wé ọmọ 44 mìíràn tí kì í jalè. Ó ní 14 nínú àwọn olè náà kò ní ìfẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́kàn. A ti ya 12 nínú àwọn 14 yìí nípá kúrò lọ́dọ̀ ìyá wọn fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún márùn-ún. Nínú olè 30 tí ó kù, 5 péré ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Nínú àwọn tí kì í jalè, 2 ni.

Ẹ̀rí yìí lágbára, àmọ́ ó ní àléébù. Bowlby fúnra rẹ̀ ni ó pín àwọn ọmọ náà sí ọ̀wọ́. Yàtọ̀ sí èyí, pé ohun méjì jọ ń rìn kò fi hàn pé ọ̀kan ló bí èkejì.

Síbẹ̀, èrò náà ṣe àǹfààní. Ní ọdún 1952, James Robertson gbé fíìmù kan jáde nípa ọmọbìnrin ọlọ́dún méjì tí ó lo ọjọ́ mẹ́jọ ní ilé ìwòsàn láìsí ìyá rẹ̀ nítòsí. Ọ̀pọ̀ oníṣègùn ni inú wọn kò dùn sí i. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1959, ìgbìmọ̀ Platt dá ìjọba nímọ̀ràn pé kí a jẹ́ kí òbí máa wá wo ọmọ wọn nígbàkigbà.

3.0 Àtúnyẹ̀wò

Ní ọdún 1964, Schaffer àti Emerson fi hàn pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọmọ-ọwọ́ 60 ní Glasgow ni ó ti so mọ́ ju ẹnì kan lọ nígbà tí wọ́n fi pé oṣù 18. Èyí kò ṣàjèjì sí Yorùbá tí ń sọ pé ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó.

Michael Rutter la ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́ ní ọdún 1972. Ọ̀tọ̀ ni ọmọ tí a gbà kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀. Ọ̀tọ̀ ni ọmọ tí kò ní ẹnikẹ́ni rí. Ó tún ṣàlàyé pé ìjà inú ilé lè ba ìwà ọmọ jẹ́ ju ìyapa gan-an lọ.

Lẹ́yìn tí ìjọba Ceaușescu ṣubú ní Romania ní ọdún 1989, Rutter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé ọmọ 165 tí àwọn ìdílé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà tọ́. Ọ̀pọ̀ wọn wá láti ilé ìtọ́jú tí ọmọ ti pọ̀ rẹpẹtẹ, tí olùtọ́jú kò sì tó nǹkan. Àbájáde ọdún 2017 fi hàn pé àwọn tí kò lò tó oṣù mẹ́fà níbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí a gbà tọ́. Ìṣòro ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ bá wọn dàgbà; síbẹ̀, bí ìdá kan nínú márùn-ún wọn kò ní ìṣòro kankan.

4.0 Àgbálọgbábọ̀

Àìsí olùtọ́jú tí ó dúró ṣinṣin ti ọmọ ni ẹ̀rí wọ̀nyí tọ́ka sí, yálà ìyá ni tàbí ẹlòmíràn. Bí a bá di gbogbo ẹ̀bi ru ìyá, a ó dá ilé ìtọ́jú ọmọ, ilé ìwòsàn àti ìjọba láre nínú ọ̀rọ̀ tí ọwọ́ wọn wà.