Etíkun Ìlàjẹ àti Ìwákiri Ọ̀nà Òkun sí Índíà, 1469–1506

Ní ọdún 1469, ọba ilẹ̀ Potogí fún Fernão Gomes, oníṣòwò ará Lisbon, ní àṣẹ láti máa ṣòwò ní etíkun Guinea fún ọdún márùn-ún. Ohun tí ọba béèrè ni pé kí àwọn ọkọ̀ rẹ̀ máa ṣàwárí etíkun tuntun tó gùn ju 500 kìlómítà lọ lọ́dọọdún. Àdéhùn yìí ló gbé wọn gba iwájú ilẹ̀ Ìlàjẹ kọjá ní nǹkan bí ọdún 1472. Ìlà-oòrùn ni etíkun ń darí wọn sí, ìrètí sì wà pé ọ̀nà Índíà kò ní pẹ́ ṣí.

Duarte Pacheco Pereira kọ ìwé atọ́nà fún àwọn atukọ̀ láàrin ọdún 1505 sí 1508. Ó sọ̀rọ̀ nípa ẹnu ọ̀sà Èkó, ó mẹ́nu kan Ìjẹ̀bú àti yàrà ńlá rẹ̀, ó sì ṣàpèjúwe odò Bìní. Ní ti Màhìn àti Ugbò tó wà láàrin méjèèjì, kò dárúkọ ìlú kankan. Àṣìṣe gbáà ni yóò jẹ́ bí òpìtàn bá tìtorí èyí sọ pé ibẹ̀ ṣófo. Ẹnu odò tó jìn ni ọkọ̀ onígbòkun ń wá, etíkun Màhìn kò sì ní irú rẹ̀. Ẹrẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ̀yìn etíkun ni ọ̀nà àwọn ará Ìlàjẹ wà, lójú omi tóóró tóóró tí ọkọ̀ àjẹ̀ fi ń ti ọ̀sà Èkó dé odò Bìní. Ẹni tó dúró nínú ọkọ̀ lójú òkun kò lè rí i.

Bìní ni wọ́n yà sí. Ní ọdún 1486, João Afonso de Aveiro dé ibẹ̀, ohun méjì ló sì ti ibẹ̀ dé Lisbon: iyèré, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọjà Flanders, àti ìròyìn Ogané, ọba ńlá kan tí Ọba Bìní ń gba àmì oyè lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọba João Kejì rò pé Prester John ni, ọba onígbàgbọ́ tí wọ́n ti ń wá tipẹ́. Ní ọdún 1487, ó rán Bartolomeu Dias gba orí òkun, ó sì rán Pêro da Covilhã gba orí ilẹ̀. Àwọn òpìtàn kan gbà pé Ọọ̀ni Ifẹ̀ ni Ogané. Ṣùgbọ́n ìlà-oòrùn Bìní ni Barros, tó kọ ìtàn náà sílẹ̀, fi í sí, Ifẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Ọọ̀ni ni lóòótọ́, a jẹ́ pé àwọn Potogí ti kọjá lára ìbátan ẹni tí wọ́n ń wá, nítorí àwọn ará Ugbò sọ pé Ifẹ̀ ni àwọn ti ṣí wá.

Vasco da Gama dé Calicut ní ọdún 1498. Ata Índíà wá di ọrọ̀ ọba, nígbà tó sì di ọdún 1506, Lisbon ti fi òfin de iyèré Bìní kí ó má baà bá a du ọjà. Òwò ẹrú kò dúró ní tirẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tó ń kó ẹrú láti odò Bìní lọ sí Elmina ń gba iwájú Màhìn kọjá, wọn kò sì ní èbúté tí wọn yóò yà sí níbẹ̀.